Àyẹ̀wò ìtàn kúkúrú *The Fly* tí Katherine Mansfield kọ: ẹ má wo eṣinṣin nìkan

Ìtàn yìí kọ́kọ́ jáde lọ́dún 1922. Kò gùn, ìjókòó kan ti tó láti kà á tán. Woodifield, bàbá tí àìsàn rọpárọsẹ̀ ti sọ di aláìlera, wá kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ọ́fíìsì ní Lọ́ńdọ̀nù. Òǹkọ̀wé kò fún ọ̀rẹ́ náà lórúkọ, "ọ̀gá" lásán ló ń pè é. Ogun Àgbáyé Kìíní pa ọmọkùnrin àwọn méjèèjì, Bẹ́ljíọ̀mù ni wọ́n sì sin wọ́n sí. Woodifield sọ̀rọ̀ sàréè wọn, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀gá ní òun ò fẹ́ rí ẹnikẹ́ni fún ààbọ̀ wákàtí, ó jókòó kó lè sunkún, ẹkún kọ̀, kò wá. Ìgbà náà ló rí eṣinṣin tó kó sínú tádàwà.

Eṣinṣin ni gbogbo èèyàn ń sáré sí, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ńlá ti wà nílẹ̀ kó tó dé. Nígbà tí Woodifield ṣì wà níbẹ̀, ọ̀gá ń fi kápẹ́ẹ̀tì pupa tuntun hàn án, ó ń fi tábìlì àti ẹ̀rọ amúlégbóná hàn án. Fọ́tò ọmọ rẹ̀ nínú aṣọ ológun wà lórí tábìlì náà, ó ti lé lọ́dún mẹ́fà tó ti wà níbẹ̀, ọ̀gá kò sì nawọ́ sí i. Ohun tuntun nìkan ló ń ṣàfihàn. Lójú tiwa, fọ́tò yẹn ni àmì tó lágbára jù nínú ìtàn náà, torí òǹkọ̀wé kò dúró ṣàlàyé rẹ̀.

Ọ̀gá fi gègé yọ eṣinṣin, ó gbé e lé pépà tí ń fa tádàwà mu. Eṣinṣin bẹ̀rẹ̀ sí í nu ara rẹ̀: ó fi ẹsẹ̀ nu ìyẹ́ lókè àti nísàlẹ̀, títí ó fi ń múra àtifò. Ọ̀gá mọ̀ọ́mọ̀ kán tádàwà sí i lára láti ẹnu gègé kan náà. Ó tún nu ara rẹ̀. Ẹ̀kán kejì. Ọ̀gá wá fi èémí fẹ́ ẹ kó lè tètè gbẹ. Ẹ̀kán kẹta ló pa á.

Ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìnà nìyí: wọn a kọ ọ́ pé "eṣinṣin dúró fún ọmọ tó kú", ó parí. Tó bá jẹ́ ọmọ, kí ni ọwọ́ bàbá ń wá nídìí tádàwà? Tó bá jẹ́ bàbá tí ìbànújẹ́ ń rọ́ lù ni, ta ló wá mú gègé dání? Ọwọ́ ni kí ẹ máa tẹ̀ lé. Ọwọ́ tó yọ ọ́ ló ń pa á, òun náà ló ń ṣìkẹ́ rẹ̀ láàárín ẹ̀kán méjì. Àwọn kan tún máa ń fi Leslie, àbúrò òǹkọ̀wé tó kú ní Bẹ́ljíọ̀mù lọ́dún 1915, ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Ìyẹn sọ ibi tí ìrora ti wá, kò sọ ohun tí ẹ̀kán kẹta ń ṣe.

Àléébù ìtàn náà? Mansfield fi Woodifield wé ọmọ ọwọ́, ó fi Macey, ìránṣẹ́ ọ́fíìsì, wé ajá. Ó là á mọ́lẹ̀ jù, pàápàá lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò tí kò sọ nǹkan kan.

Ẹ kọ́kọ́ kà á láìmú pẹ́ńsùlù. Ní ìgbà kejì, ẹ fa ilà sábẹ́ ibi gbogbo tí fọ́tò, tádàwà àti ọwọ́ ti yọjú, kí ẹ kọ ohun tó ṣe níbẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó kọ ohun tó dúró fún. Ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ti tán lórí ìtàn náà, nítorí náà ọ̀fẹ́ lẹ máa rí i kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó sì wà nínú *The Dove's Nest*, ìwé tó jáde lọ́dún 1923 lẹ́yìn ikú Mansfield.