Oṣù mẹ́ta tí mo ti ń bá therapist sọ̀rọ̀ lórí fóònù láti Adó-Èkìtì

Mo ń kọ èyí fún ẹni tó bá ń rò ó bóyá kí òun náà dán an wò. Therapist ni ẹni tó kọ́ṣẹ́ fífi ọ̀rọ̀ ran ẹni tí ọkàn rẹ̀ wúwo lọ́wọ́. Ìjókòó mẹ́jọ ni mo ti ṣe, 50 ìṣẹ́jú ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, ₦15,000 ni owó rẹ̀.

Olùkọ́ ni mí ní Adó. Èkó ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń wálé. Lọ́dún tó kọjá màmá mi kú. A sin wọ́n ní Ìkẹ́rẹ́, a ṣe gbogbo ohun tí ọmọ ń ṣe, oníkálukú padà sílé rẹ̀, oorun sì kọ̀ mí sílẹ̀. Aago méjì òru lojú mi máa ń là. Bí ọkọ mi bá pè, "ẹ̀n, ó dáa" lèsì mi. Bó bá wálé tá a ní gbólóhùn asọ̀, mo lè má bá a sọ nǹkan kan títí á fi padà sí Èkó.

Mi ò lọ sí ilé ìwòsàn níbí torí Adó ò tóbi tó bẹ́ẹ̀. Bí ojúlùmọ̀ kan bá rí mi lẹ́nu ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọpọlọ, kílẹ̀ tó ṣú, wọ́n á ti gbọ́ níléèwé. Bí èèyàn bá ti dárúkọ ọpọlọ fáwọn èèyàn wa, Arò l'Abẹ́òkúta lọkàn wọn ń lọ.

Therapist àkọ́kọ́ tí àwọn tó ń ṣètò ìjókòó náà fún mi kò bá mi mu rárá. Òyìnbó ló ń sọ, èmi náà ń fi Òyìnbó dá a lóhùn bí ẹni tó ń wá iṣẹ́. Nígbà tí mo dórí ọ̀rọ̀ ọkọ mi, ó ní kí n tẹra mọ́ àdúrà. Mo ń gbàdúrà lójoojúmọ́. Ẹni tó máa gbọ́ mi ni mò ń wá. Mo kọ̀wé sí wọn, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, ṣùgbọ́n wọn ò dá owó ọjọ́ náà padà. Ó dùn mí.

Èkejì, obìnrin kan tó wà ní Ìbàdàn, Yorùbá ló fi kí mi. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Kí lẹ fẹ́ kí n máa pè yín?" Ìbéèrè yẹn dá mi dúró. "Aúntì" ni wọ́n ń pè mí níléèwé, "Ìyá Ìbejì" nílé. Màmá mi nìkan ló ń fi oríkì mi pè mí, mi ò sì tíì gbọ́ ọ látìgbà tí wọ́n ti lọ. Ẹkún gbà mí. Kò ní kí n dákẹ́, kò ní "ó ti tó". Ó dúró dè mí. Nígbà tí mo máa lanu, Èkìtì ilé wa ló jáde lẹ́nu mi.

Lọ́jọ́ yẹn náà ló bi mí níbi tí mo jókòó sí gan-an, ó sì gba nọ́ńbà ẹnì kan tó sún mọ́ mi, nítorí ọ̀nà òun jìn bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ó fi ìbéèrè mẹ́sàn-án tí wọ́n ń pè ní PHQ-9 ránṣẹ́: láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, báwo loorun, báwo loúnjẹ, ṣé ó ti ń ṣe mí bíi pé ó sàn kí n kú. Láti 0 dé 27 ni wọ́n ń kà á, bó bá ṣe ga tó ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ṣe pọ̀ tó. 14 ni tèmi. Ní ìjókòó kẹjọ, ó di 6.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìdákẹ́ mi ló mú mi dúró tì í. Wọ́n kọ́ wa pé sùúrù ni baba ìwà, mo sì gbà pé sùúrù ni mò ń ṣe bí mo bá dákẹ́ fún ọkọ mi. Ó bi mí pé, "Bẹ́ ẹ bá dákẹ́, kí ni Bàbá Ìbejì máa ń gbọ́?" Mi ò mọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo pe ọkọ mi, mo bi í. Ó pẹ́ kó tó fèsì. Ó ní ohun tóun ń gbọ́ ni pé mi ò fẹ́ òun nílé mọ́.

Obìnrin náà ṣàlàyé pé John Gottman, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wo bí tọkọtaya ṣe ń jà, ka irú ìdákẹ́ yìí mọ́ nǹkan mẹ́rin tó ń ba ìgbéyàwó jẹ́. Bí àyà bá ti ń lù ju 100 ìgbà lọ ní ìṣẹ́jú kan, ọ̀rọ̀ kì í wọlé mọ́, ó sì tó 20 ìṣẹ́jú, ó kéré tán, kára tó rọlẹ̀. Nítorí náà, kò sọ pé kí n má dákẹ́. Ó ní kí n máa sọ pé mo fẹ́ dákẹ́, kí n sì sọ ìgbà tí mo máa padà. A jọ wá ọ̀rọ̀ tó bá ẹnu mi mu: "Bàbá Ìbejì, ẹ jẹ́ n sinmi díẹ̀, bá a bá jẹun tán, máa wá bá yín sọ ọ́." Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ sọ ọ́, mo gúnyán náà tán, ọwọ́ mi ṣì ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n mo padà lọ bá a.

Àléébù rẹ̀ wà. Àbúrò ọkọ mi ń gbé lọ́dọ̀ wa, nítorí náà kíláàsì ni mo máa ń jókòó sí lẹ́yìn tí iléèwé bá parí. Bí òjò bá ń lu páànù, mi ò ní gbọ́ nǹkan kan. Nẹ́tíwọ̀kì já lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí mò ń sọ ohun tó wúwo jù, ó sì ṣòro láti tún bẹ̀rẹ̀. Owó náà pọ̀ fún olùkọ́. Lẹ́yìn oṣù kìíní mo sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì. Obìnrin náà kò sì lè kọ oògùn fúnni, iṣẹ́ dókítà nìyẹn. Ẹni tó bá ń rò ó láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, kó má dúró de ìjókòó orí fóònù. Kó jẹ́ kí wọ́n gbé òun lọ sílé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ní Adó tàbí ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì lójú ẹsẹ̀.

Sátidé tó ń bọ̀ ni ìjókòó kẹsàn-án. Ọkọ mi ní òun náà fẹ́ bá wa dá sí i lórí fóònù láti Èkó. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti bi mí bóyá obìnrin náà gbọ́ Èkìtì. Mo ní kò gbọ́ ọ tán, ṣùgbọ́n ibi tí kò bá yé e, ó máa ń bẹ̀ mí kí n tún un sọ.