Wọ́ọ̀kìṣọ́ọ̀bù alájọlò ní Lọ́ńdọ̀nù: ṣé owó ẹ tó bẹ́ẹ̀?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ́ ẹ ń wá ibi tẹ́ ẹ ti lè lo lathe (ẹ̀rọ tó ń yí irin kí ọ̀bẹ lè fá a) láìra tiyín, mo ti di mẹ́ḿbà wọ́ọ̀kìṣọ́ọ̀bù alájọlò kan ní apá gúúsù ìlú, ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe rí gan-an. Owó oṣooṣù lẹ máa san, wọ́n á fún yín ní kọ́kọ́rọ́, ẹ lè wọlé tọ̀sán tòru. Àmọ́ kò sẹ́ni tó máa jẹ́ kẹ́ ẹ tan ẹ̀rọ ńlá kankan láìjẹ́ pé wọ́n ti tréènì yín lórí ẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ti lathe, ọ̀tọ̀ ni ti milling (ẹ̀rọ tó jẹ́ pé ọ̀bẹ ẹ̀ ló ń yí). Àwọn kan máa ń bínú sí èyí, èmi ò bínú, torí tréníìnì yẹn gan-an ni mo rí gbà fún owó mi.

Bàbá tó kọ́ wa ti ṣe tọ́nà (oníṣẹ́ lathe) ní fáktírì títí tó fi rẹtáyà. Kò kọ́kọ́ jẹ́ ká tan iná rárá, bọ́tìnnì pupa tó ń dá ẹ̀rọ dúró ló fi hàn wá, ó wá ní ọwọ́ wa ò gbọ́dọ̀ kúrò lára kọ́kọ́rọ́ chuck (ẹnu ẹ̀rọ tó ń di irin mú) tó bá ṣì wà nínú chuck, torí tí ẹ̀rọ bá yí, ó máa fò, ó sì lè fọ́ èèyàn lójú. Kò sí ìbọ̀wọ́, kò sí òrùka, ẹ ká apá aṣọ sókè, ẹ di irun mọ́rí. Lẹ́yìn náà ló wá kọ́ wa ní sípíìdì: irin tó fẹ̀ tó mm 25, tó bá jẹ́ ọ̀bẹ HSS (irin líle tí ooru kì í tètè bà jẹ́), kí ẹ̀rọ máa yí bí ìgbà 380 láàárín ìṣẹ́jú kan, bráàsì lè yára ju ìyẹn lọ dáadáa. Bùúṣì bráàsì (òrùka tí ọ̀pá ẹ̀rọ ń yí nínú ẹ̀) fún ẹ̀rọ ìránṣọ mi ni mo kọ́kọ́ ṣe, mò ń fá a díẹ̀díẹ̀, mò ń fi micrometer (irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn nínípọn nǹkan gẹ́lẹ́) wọ̀n ọ́n títí tó fi wọlé ṣinṣin láìmì, inú mi dùn kọjá àlà!

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ẹ máa ti ibẹ̀ di tọ́nà o. Nílé, ọmọ iṣẹ́ máa wà lọ́dọ̀ ọ̀gá fún ọdún mélòó kan kó tó gba fíríìdọ́ọ̀mù, ojoojúmọ́ ni iṣẹ́ oníṣẹ́ ń wọlé tójú ẹ̀ ń rí i. Níbí, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa wá iṣẹ́ tẹ́ ẹ máa fi kọ́ra, tẹ́ ò bá rí, ọwọ́ yín ò ní mọ́ra láéláé.

Ohun tó ń dùn mí ni pé lathe kan ṣoṣo ló wà, tó bá di wíkẹ́ǹdì èrò á ti pọ̀ jù, àwọn míì á sì lò ó tán wọn ò ní gbá èérún irin kúrò, ọ̀bẹ gbogboogbò náà sì máa ń kú. Tó bá jẹ́ nǹkan kan péré lẹ fẹ́ ṣe, ẹ gbé e fún tọ́nà, ẹ má darapọ̀. Tẹ́ ẹ bá máa ráyè lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ lọ, ẹ ra ọ̀bẹ tiyín dání, alẹ́ àárín ọ̀sẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa lọ.