Ilé Ìlàjà Àdúgbò: Iṣẹ́ Tó Dára, Owó Tí Kò Tọ́jọ́

Omi òjò tó ń ṣàn láti orí òrùlé aládùúgbò mi wọ inú ọgbà mi ni kò jẹ́ ká kí ara wa mọ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà fẹ́ dé ọ̀dọ̀ agbẹjọ́rò, ẹnìkan júwe ilé ìlàjà àdúgbò fún mi, níbi tí wọn kì í ti í gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá mú aáwọ̀ wá. Mo lọ, ṣùgbọ́n n kò retí ohun púpọ̀, nítorí pé ohun ọ̀fẹ́ a máa kọ mí lóminú.

Akọ̀wé tó kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu mi ni mo fẹ́ yìn jù. Wọn kò lè fipá mú ẹnikẹ́ni wá síbẹ̀, nítorí náà ó pe aládùúgbò mi lọ́tọ̀, ó sì fi ọjọ́ mélòó kan bá a sọ̀rọ̀ títí ó fi gbà. Àwọn onílàjà méjì tó jókòó pẹ̀lú wa kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Wọ́n jẹ́ kí olúkúlùkù sọ tirẹ̀ tán, wọ́n sì bá wa sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kó tó wá hàn pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ omi ló ń dun ọkùnrin náà jù, bí kò ṣe lẹ́tà líle tí mo kọ sí i láì kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. A kọ àdéhùn sílẹ̀ pé òun yóò ṣe ojú àgbàrá tuntun, èmi yóò sì san ìdajì owó rẹ̀. Wọ́n ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́; àwa ti ibi tí a lọ bọ̀, a sì jọ lọ ra símẹ́ńtì.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, mo pè wọ́n nítorí iṣẹ́ tó kù díẹ̀, ni mo bá gbọ́ pé akọ̀wé ti lọ, pé owó ìrànwọ́ ọlọ́dún kan tí wọ́n fi ń san owó oṣù rẹ̀ ti tán. Àwọn onílàjà ṣì wà, nítorí pé ṣe ni wọ́n yọ̀ǹda ara wọn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò bá wọn pe ẹnì kejì. Àwọn tó ń fowó sílẹ̀ rò pé bí onílàjà kò bá gba owó, iṣẹ́ náà kò ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Iye aáwọ̀ tó parí lórí ìjókòó ni wọ́n sì ń kà, wọn kì í ka èyí tí ìpè kan ṣoṣo ti pa rẹ́. Ní ìpínlẹ̀ New York, òfin ọdún 1981 ló jẹ́ kí irú ilé bẹ́ẹ̀ máa rí owó gbà nípasẹ̀ ètò ilé ẹjọ́. Ní Sri Lanka, òfin nọ́ńbà 72 ti ọdún 1988 ló dá ìgbìmọ̀ ìlàjà sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn onílàjà ibẹ̀ náà yọ̀ǹda ara wọn ni.

Ẹni tí wọ́n ń lù nínú ilé kò ní nǹkan ṣe ní ilé ìlàjà. Ẹ má ṣe gbé e jókòó síwájú ẹni tó ń lù ú. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ààlà, ariwo tàbí omi, ẹ lọ, kí ẹ sì kọ́kọ́ bèèrè bóyá akọ̀wé ṣì wà.