Báàgì ẹ̀ṣẹ́ tó ń dá dúró nílẹ̀: ohun tí mo rí lára rẹ̀ nínú kíláàsì kickboxing

Kíláàsì kickboxing onídàárayá ni mo ń darí, ìyẹn ìdárayá tí a ti ń ju ẹ̀ṣẹ́ tí a sì ń fi ẹsẹ̀ gbá báàgì. Kì í ṣe ti àwọn tó fẹ́ wọ ríìngì lọ jà. Ti àwọn tó fẹ́ làágùn ni, kí èémí wọn gùn, kí ara wọn sì le. Nígbà kan, báàgì tó ń fi ṣéènì rọ̀ láti òkè la ń lò. Ní báyìí, èyí tó ń dá dúró nílẹ̀ ni, tí ìdí rẹ̀ jẹ́ ike ńlá tí wọ́n ń rọ omi tàbí yanrìn sí. Mo fẹ́ sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nígbà tí èrò bá pọ̀ nídìí rẹ̀, nítorí ohun tí àwọn tó ń tà á máa ń sọ kò kọjá ti ẹni kan ṣoṣo tó ń fi í ṣeré nínú yàrá rẹ̀.

Mo fara mọ́ báàgì pátápátá, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn. Láàárín ọdún 1990 sí 1999 ni irú ìdárayá yìí gbòde gan-an, nígbà tí fídíò Tae Bo ti Billy Blanks wọ ilé káàkiri ayé. Afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń lù níbẹ̀. Ó dára fún ọkàn àti èémí, àmọ́ afẹ́fẹ́ kì í dá ọwọ́ dúró. Ẹni tó bá ń ju ẹ̀ṣẹ́ tagbáratagbára tí kò bá nǹkan kan pàdé, ìgúnpá rẹ̀ ló máa gba gbogbo ipá yẹn nígbà tí apá bá nà tán. Báàgì máa ń gbà á lọ́wọ́ ìgúnpá. Ó sì tún máa ń sọ òtítọ́ fún èèyàn: bí ẹ̀ṣẹ́ bá wọlé dáadáa, ó máa dún kìì lẹ́ẹ̀kan, bó bá jẹ́ pé ṣe lo kàn fi ọwọ́ tì í, kò ní dún, á kàn tẹ̀ sẹ́yìn ni. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé máa ń gbọ́ ìyàtọ̀ yẹn kí n tó la ẹnu.

Ó wá di ọ̀rọ̀ ìdí rẹ̀. Lítà omi kan, kìlò kan ni. Lítà yanrìn gbígbẹ kan ju kìlò kan àtààbọ̀ lọ díẹ̀. Ìdí tó bá gba 70 lítà, bí a bá rọ omi kún un, 70 kìlò ló máa wọ̀n. Bó bá jẹ́ yanrìn, ó máa lé ní 100. Nígbà tó bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ́ nìkan là ń jù, ìyàtọ̀ yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn. Ẹ jẹ́ kí ó kan ẹsẹ̀, kí ẹni tó sígbọnlẹ̀ yí ìgbaròkó rẹ̀ kó fi ojúgun gbá a, èyí tó jẹ́ omi á sún, á tún sún, títí á fi kúrò níwájú ẹni tó ń lò ó, á bọ́ síwájú ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nínú kíláàsì tó kún, báàgì tó ń rìn léwu, torí ẹni tí báàgì ń sá fún á máa tẹ̀ lé e, kò sì ní mọ̀ pé ẹsẹ̀ òun ti fẹ́ dé ẹ̀yìn ẹlòmíì. Ọ̀mọrí ike yẹn náà, bí kò bá dé dáadáa, omi á máa jò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sílẹ̀, ilẹ̀ á sì máa yọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo dúró.

Yanrìn ni kí ẹ lò. Kó gbẹ dáadáa kí ẹ tó fi àrọ dà á sínú rẹ̀, ẹ má sì kánjú, torí ihò yẹn kì í tóbi. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé kò ní rọrùn láti gbé mọ́. Bí yàrá náà bá jẹ́ èyí tí àwọn ẹlòmíì tún ń lò lẹ́yìn yín, tó jẹ́ pé ẹ ní láti kó báàgì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn kíláàsì kọ̀ọ̀kan, ẹ máa ní láti fì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹ sì máa yí i lọ. Ọrùn rẹ̀ ni kí ẹ ṣọ́, ibi tí òpó àárín ti wọ inú ìdí. Ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ sán. Ẹni tó bá di òkè báàgì mú tó sì ń wọ́ ọ, ọrùn yẹn ló ń fà ya.

Èyí tó ń rọ̀ láti òkè dùn ún lù ju èyí lọ. Mi ò ní fi ìyẹn pa mọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn wọn kìlò 30 sí 45, wọ́n sì máa ń fì, ìfì yẹn ló ń kọ́ ẹsẹ̀ ní iṣẹ́: o gbọ́dọ̀ sún sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí o dúró dè é, kí o pàdé rẹ̀ bó ṣe ń bọ̀. Àwọn tó gùn tó nǹkan bíi mítà kan àti mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀, ló dára jù fún ìgbá ìsàlẹ̀, irú èyí tí àwọn ará Thailand ń gbá sí itan nínú Muay Thai, ìjà ìbílẹ̀ wọn. Èyí tó ń dá dúró kò lè ṣe ìyẹn, torí ibi tí ẹsẹ̀ fẹ́ bà sí ni ike ìdí rẹ̀ wà. Mo ti sọ fún gbogbo ẹni tó wà nínú kíláàsì mi pé ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ ìlà kan tí mo fi téèpù pupa lẹ̀ mọ́ ọn lára. Àmọ́ báàgì tó ń rọ̀ nílò irin tó lágbára lókè fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, irin náà sì ní láti gba ju ìwọ̀n báàgì lọ torí pé ṣe ló ń fì. Yàrá tó lè gbé mẹ́wàá, méjìlá, kò wọ́pọ̀. Aṣọ àgékù tí wọ́n kì sínú rẹ̀ náà sì máa ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìsàlẹ̀ á le, òkè á di wọ̀ọ̀.

Orin ni mo fẹ́ kí àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi gbọ́ tèmi sí jù. Kíláàsì láìsí orin kò dùn, mo sì mọ̀ pé òun ló ń fa ọ̀pọ̀ èèyàn padà wá. Àmọ́ orin tí wọ́n ń lò fún ìdárayá tí kò ní báàgì máa ń sáré, ìlù 130 láàárín ìṣẹ́jú kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyẹn ju ìlù méjì lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ọwọ́ tó ń lu afẹ́fẹ́ lè bá a lọ. Ọwọ́ tó ń lu báàgì kò lè bá a lọ kó sì tún lù ú bó ṣe yẹ, torí ẹ̀ṣẹ́ gidi kì í bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́. Àtẹ́lẹsẹ̀ ló ti ń gbéra, á gba orúnkún, á gba ìgbaròkó tó ń yí, á dé èjìká kó tó jáde lójú ìkúùkù, ọwọ́ á sì tún padà sẹ́bàá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bí orin bá ń lé èèyàn, ìgbaròkó ló máa kọ́kọ́ pa tì, lẹ́yìn náà ni kò ní dá ọwọ́ padà mọ́. Apá lásán ló máa kù tó ń gbá báàgì pẹ́pẹ́pẹ́, títí èjìká á fi bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó.

Báàgì sì ní àkókò tirẹ̀. Èyí tó ń rọ̀ máa ń lo bí ìṣẹ́jú-àáyá méjì àtààbọ̀ kó tó lọ kó sì bọ̀. Èyí tó dúró nílẹ̀ máa ń tẹ̀, á sì nà padà kíákíá ju ìyẹn lọ. Ẹni tó bá ju ẹ̀ṣẹ́ sí i nígbà tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, tí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ kò le, ọrùn ọwọ́ yẹn á yẹ̀. Nítorí náà orin tó rọra ni mo máa ń fi sí i, mo sì máa ń dín ohùn rẹ̀ kù débi tí màá fi máa gbọ́ báàgì kọ̀ọ̀kan. Ẹnu mi ni mo fi ń pe ẹ̀ṣẹ́: “Ọ̀kan, èjì, padà!” Wọ́n á lu báàgì, wọ́n á jẹ́ kó nà tán, ká tó tún lọ.

Ìdí kan náà ni mi ò fi ń lo ìṣẹ́jú-àáyá 20 fún iṣẹ́ àti 10 fún ìsinmi lórí báàgì pẹ̀lú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Izumi Tabata àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan, tí ìwádìí wọn jáde lọ́dún 1996, orí kẹ̀kẹ́ tí kì í kúrò lójú kan ni wọ́n ti dán an wò. Bó ti wù kó rẹ ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ tó, ojú ọ̀nà kan náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa yí gbà. Ọwọ́ tó ti rẹ̀ kò ní irú ojú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ lára báàgì. Ìṣẹ́jú mẹ́ta fún iṣẹ́, ọ̀kan fún ìsinmi, bí òfin Queensberry ti ọdún 1867 ṣe là á kalẹ̀ fún àwọn abẹ̀ṣẹ́kùúbíòjò, ni mo ń lò; ti àwọn tuntun á jẹ́ ìṣẹ́jú méjì.

Ọwọ́ ńkọ́? Kò sí báàgì tó rọ̀ débi tí èèyàn fi lè fi ọwọ́ òfìfo lù ú láti ìbẹ̀rẹ̀ kíláàsì dé òpin. Aṣọ ìdìwọ́ tó gùn tó mítà mẹ́rin àtààbọ̀ ni mo ń fẹ́ lábẹ́ ìbọ̀wọ́, ìbọ̀wọ́ náà á sì jẹ́ 12 tàbí 14 áńsì. Oríkèé ìka ìfábẹ̀lá àti ti ìka àárín ló yẹ kó kọ́kọ́ kan báàgì. Egungun tó wà lẹ́yìn ìka kékeré tín-ín-rín, òun ló sì máa ń kán nígbà tí ẹ̀ṣẹ́ bá fẹ̀gbẹ́ balẹ̀. Màmá kan wà nínú kíláàsì mi tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, tó sì lágbára dáadáa. Wọ́n sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, “Kóòṣì, ọrùn ọwọ́ yìí ń ro mí o.” Mo ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ jẹ́ kí n wo bí ẹ ṣe di í.” Ọwọ́ àti ìka ni wọ́n fi gbogbo aṣọ náà dì, ó kọjá lára ọrùn ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan péré. A tú u, a bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn ọwọ́, a yí i ká ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó gòkè, a tún fi èyí tó kù parí sí ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà sídìí báàgì, mo gbọ́ ọ láti òdìkejì yàrá.

Awọ báàgì náà ń gbìyànjú. Awọ àtọwọ́dá ni, ó rọrùn láti nù, ó sì yẹ ká máa fi oògùn apakòkòrò nù ún lẹ́yìn gbogbo kíláàsì, torí làpálàpá àti eéwo máa ń ti ara ẹnì kan dé ara ẹlòmíì níbi tí òógùn bá pọ̀ sí. Ìbọ̀wọ́ àyálò ni mi ò fẹ́ rárá. Fóòmù inú báàgì ló ń yára bàjẹ́: ibi gíga àyà tí gbogbo èèyàn ń lù máa ń jin sínú. Ẹ máa yí báàgì padà lóòrèkóòrè kí ojú kan má baà máa gba gbogbo rẹ̀.

Ẹni méjì lè pín báàgì kan, kódà mo fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ọ̀kan máa lù, kí èkejì máa wo ẹsẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀. Kí àwọn méjèèjì dúró ní iwájú àti ẹ̀yìn báàgì kí wọ́n jọ máa lù ú ni mi ò gbà, torí ẹ̀ṣẹ́ ti ibí á máa ti báàgì lu ọwọ́ ti ọ̀hún.

Bí ẹ bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń lo irú báàgì yìí, ẹ lọ wò wọ́n kí ẹ tó sanwó. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ àárín báàgì wò bóyá ó ṣì ń padà. Ẹ fi ẹsẹ̀ ti ìdí rẹ̀. Kí ẹ wá dúró wo bí kóòṣì ṣe ń ṣe sí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: bó bá di ọwọ́ rẹ̀ fún un, tó sì jẹ́ kó kọ́kọ́ lù ú jẹ́jẹ́ kí orin tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sanwó.