Ẹ Ṣọ́ra fún Bọ́ọ̀dù STM32 Aláwọ̀ Búlúù: 130,000 Náírà Mi Ti Wọgbó

Ẹ̀yin èèyàn mi tí ẹ ń ra STM32F103C8T6, bọ́ọ̀dù aláwọ̀ búlúù tó ní chip kékeré tí a ń kọ ètò sínú rẹ̀ láti darí ẹ̀rọ, tí gbogbo wa ń pè ní Blue Pill, ẹ dákun, ẹ dúró ná. Gbájúẹ̀ ti bá mi. Ogún ni mo rà, 6,500 náírà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ka owó náà fún ọkùnrin tó tà á lójú ẹsẹ̀. Nínú ogún, méjì péré ló jẹ́ ojúlówó. Méjì! Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ èyí, torí ọdún kẹjọ rèé tí mo ti ń fi iṣẹ́ yìí jẹun.

Ẹ gbọ́ bó ṣe ṣe é. Mo dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ó ní, "Ọ̀gá mi, ẹ jókòó, ojúlówó ni mo ń tà." Ó mú èyí tó wà lókè páálí, ó fi wáyà páwà báǹkì sí i, iná kékeré PC13 bẹ̀rẹ̀ sí ṣẹ́jú. Mo ní kó jẹ́ kí n fi ST-Link, ẹ̀rọ kékeré tó ń so bọ́ọ̀dù mọ́ kọ̀ǹpútà, yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní iná ti lọ, òun sì fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀yin ará, kọ̀ǹpútà mi wà nínú báàgì lórí itan mi! Bátìrì rẹ̀ kún. ST-Link ò nílò iná NEPA, ara kọ̀ǹpútà ló ti ń gba iná tirẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa, mo sì sanwó. Iná tó ń ṣẹ́jú yẹn, ètò tí wọ́n ti kọ sínú rẹ̀ kó tó dé ọjà ni. Kò sọ ohunkóhun nípa bí flash inú rẹ̀, ibi tí ètò ń wà, ṣe tó.

Mo délé, mo kọ ètò mi sínú méjì tó wà lókè, wọ́n gbà á wẹ́rẹ́. Ìkẹta ni OpenOCD, ètò orí kọ̀ǹpútà tí mo fi ń kọ nǹkan sínú chip, ti pariwo pé nọ́ńbà ìdánimọ̀ chip náà kì í ṣe èyí tí òun ń retí:

UNEXPECTED idcode: 0x2ba01477
expected 1 of 1: 0x1ba01477

Chip náà fúnra rẹ̀ ń sọ fún mi pé òun kọ́ ni ẹni tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí òun lára. Kí ni mo ṣe? Mo fi -c "set CPUTAPID 0x2ba01477", tó ń sọ fún OpenOCD pé kó gba nọ́ńbà yẹn bẹ́ẹ̀, sí àárín àṣẹ mi, bí mo ṣe ti rí i tí àwọn èèyàn ń ṣe, OpenOCD sì panu mọ́. Ó kọ "Verified OK", inú mi dùn. Ohun tí "Verified OK" ń sọ ò ju pé ohun tí mo kọ síbẹ̀ náà ló wà níbẹ̀. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi di ẹlẹ́rìí lẹ́nu.

Bọ́ọ̀dù yẹn ni mo gbé sínú ínkúbétọ̀ tí mo ṣe fún màmá kan ní Ìsẹ́yìn. Kéréètì mẹ́jọ, ẹyin 240. Ní òru ọjọ́ kẹfà, bọ́ọ̀dù dákú, hítà ò kú. Nígbà tí màmá pè mí láàárọ̀, tẹmọ́mítà wà ní 46 níbi tó yẹ kó wà ní 37.5. Mo sáré dé ibẹ̀. Wọ́n fi tọ́ọ̀ṣì ti ẹyin kan lẹ́yìn kí n lè rí i: iṣan ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó ti nà káàkiri bí gbòǹgbò ò sí mọ́, òrùka pupa kan ló kù. Wọ́n ò bú mi. "Ọmọ mi, kí ló dé?" ni wọ́n wí. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi. Mo ti san owó ẹyin wọn, ìyẹn ò sí nínú 130,000 tí mo kọ sókè yẹn.

Kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ sọ fún mi pé ó yẹ kí n ti fi ohun mìíràn tó máa pa hítà sí i. Mo mọ̀. Ẹ̀bi mi nìyẹn, mo gbà. Àmọ́ èmi kọ́ ni mo kọ orúkọ olórúkọ sára chip!

Mo wá jókòó, mo yẹ gbogbo wọn wò. Mọ́kànlá ló jẹ́ 0x2ba01477. Méje yòókù gbé nọ́ńbà tó tọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí mo tẹ st-info --probe, àṣẹ tó ń bi chip léèrè ohun tó jẹ́, ó ní flash 32768 báìtì, sram (ìrántí tó fi ń ṣiṣẹ́) 10240, chipid (nọ́ńbà irú chip) 0x412. STM32F103C6 ni wọ́n, èyí tí flash rẹ̀ jẹ́ 32 KB, tí wọ́n pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ tí wọ́n sì kọ C8 sí i. Mo fi òwú tí mo rẹ sínú asítóònù nu ọ̀kan, àkọlé náà bá òwú lọ. Ètò mi jẹ́ 43 KB. Ibo ni kó wọ̀ sí?

Mo pe ọkùnrin náà. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ ò mọ̀ ọ́n lò." Èmi! Ó sì ti nọ́ńbà mi pa.

Ilé iṣẹ́ tó ṣe chip tó jọ ọ́, tó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i, bíi GigaDevice tó kọ GD32 sórí tirẹ̀, n ò bá a jà. Irọ́ ni mo ń bá jà. Ní báyìí, n ò gba ẹnì kankan gbọ́ mọ́ lọ́jà yìí, ì báà jẹ́ ẹni tí a jọ ń jẹun nínú àwo kan. Bóyá mo ṣàṣejù. Ọkàn mi ò tíì rọ̀ ni.

Kí ẹ tó sanwó: st-info --probe gbọ́dọ̀ sọ flash 65536, ó kéré tán, sram 20480, chipid 0x410. Ẹ tẹ OpenOCD náà, torí ayédèrú míì á kọjá lọ́dọ̀ st-info. Tó bá kọ 0x2ba01477, ẹ dá a padà, ẹ má fi CPUTAPID pa á lẹ́nu mọ́. Gbogbo wọn ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò o, kì í ṣe èyí tó wà lókè páálí. Tí ẹni tó ń tà á bá sì ní iná ti lọ, ẹ gbé kọ̀ǹpútà yín jáde nínú báàgì.