TheyWorkForYou: ibi tí mo ti ń ka ohun tí aṣòfin wa ń sọ lórí owó orí àti ọ̀wọ́n ọjà

Iṣẹ́ ìṣirò owó-oṣù ni mo ń ṣe ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà kan níbí ní England. Bí wọ́n bá fọwọ́ kan owó orí ní Westminster, níbi tí ilé aṣòfin ilẹ̀ Britain wà, orí tábìlì mi ló ń já sí. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹwàá ọdún 2024, nígbà tí Rachel Reeves, tó jẹ́ mínísítà ìṣúná nígbà náà, ka ètò ìṣúná rẹ̀, ó ní owó National Insurance, ìyẹn owó ìdójútòfò ti ìjọba, tí agbanisíṣẹ́ ń san lórí òṣìṣẹ́ yóò kúrò ní ìdá 13.8 lọ sí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún, àti pé orí £5,000 la ó ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò rẹ̀, kì í ṣe £9,100 mọ́. Mo ṣírò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó ń gba £20,000 lọ́dún, £1,504 ni ilé iṣẹ́ ń san lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó di £2,250. Lóòótọ́, ìjọba fi kún ẹ̀dínwó tí wọ́n ń pè ní Employment Allowance, láti £5,000 sí £10,500, ṣùgbọ́n ibi tí òṣìṣẹ́ bá ti pọ̀, kíá ni ẹ̀dínwó yẹn máa ń tán.

Ó wá ń jẹ mí lógún láti mọ ohun tí aṣojú àdúgbò wa ń sọ lórí ọ̀rọ̀ náà nínú House of Commons, ilé aṣòfin tí àwa ará ìlú ń dìbò yàn. Ìwé pélébé tó ń jù sí ẹnu ọ̀nà wa kò tó mi. Fídíò kékeré orí Facebook náà kò tó. Bí mo ṣe di ẹni tó ń ṣí TheyWorkForYou ní gbogbo ìgbà nìyẹn.

Àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ló dá ìkànnì náà sílẹ̀ ní ọdún 2004. Ẹgbẹ́ aláàánú kan tó ń jẹ́ mySociety ló ń bójú tó o báyìí. Hansard, ìyẹn àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ ilé aṣòfin, ni wọ́n ń kó, tí wọ́n sì ń tò ó lọ́nà tí ẹni tí kì í ṣe lọ́yà tàbí oníròyìn lè rí ọ̀nà gbà nínú rẹ̀. Ẹ ó tẹ postcode yín, orúkọ àti àwòrán aṣojú yín yóò jáde. Ọ̀fẹ́ ni.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni wíwá ọ̀rọ̀ láàárín ohun tí ẹnì kan ṣoṣo sọ. Mo tẹ "National Insurance", gbogbo ibi tí aṣojú wa ti mẹ́nu bà á sì tò sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tó sọ ọ́. Bí mo bá tẹ ọ̀kan nínú wọn, kì í ṣe gbólóhùn rẹ̀ nìkan ni mo ń rí. Àárín àríyànjiyàn gan-an ló ń gbé mi lọ. Mo rí ẹni tó sọ̀rọ̀ ṣáájú rẹ̀, mo rí ẹni tó dá a lóhùn, mo sì rí ìbéèrè tí wọ́n bi í tí kò dáhùn. Lọ́jọ́ kan ó sọ̀rọ̀ tó wọni lára lórí àwọn ilé ìtọ́jú, ó ní kò yẹ kí ẹrù yìí wọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ọ̀rọ̀ yẹn ló gé sórí Facebook. Ohun tí kò sí lórí Facebook ni pé aṣòfin mìíràn dìde láàárín rẹ̀, ó bi í bóyá yóò dìbò láti yọ àwọn ilé ìtọ́jú kúrò nínú àfikún náà. Kò dá a lóhùn, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

Ìbò náà dé. Àwọn House of Lords, ilé aṣòfin kejì tí a kì í dìbò yàn, ti tún àbá òfin náà ṣe kí àwọn ilé ìtọ́jú, àwọn dókítà àdúgbò àti àwọn ilé tó ń tọ́jú aláìsàn tí ikú ti sún mọ́ má bàa san àfikún. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, House of Commons da àtúnṣe náà nù. Aṣojú wa wà lára àwọn tó dìbò pé kí wọ́n dà á nù. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ó di òfin, ní ọjọ́ 6 a bẹ̀rẹ̀ sí í san án. Ó lè ní ìdí tirẹ̀: ẹgbẹ́ òṣèlú ń fún ọmọ ẹgbẹ́ lọ́rùn gan-an nígbà ìbò lórí owó. Ṣùgbọ́n èmi tí mò ń ṣe ìwé owó-oṣù lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ̀ pé ọ̀tọ̀ lohun tó sọ, ọ̀tọ̀ lohun tó dìbò fún.

Ọ̀pọ̀ àwa ọmọ Nàìjíríà níbí ló máa ń jiyàn lórí Kemi Badenoch, aṣòfin ẹgbẹ́ Conservative, àwọn kan ń yìn ín, àwọn kan ń bú u, tí kò sì sí èyí tó ti ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ rí nínú wọn. Gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀ láti 2017 tó ti wọlé. Láti oṣù kejì ọdún 2020 sí oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, mínísítà kékeré ló jẹ́ ní Treasury, ilé iṣẹ́ ìṣúná. Ní àsìkò yẹn, ní oṣù kẹta ọdún 2021, ni Rishi Sunak, mínísítà ìṣúná nígbà náà, kéde pé £12,570 tí a kì í gba owó orí lórí rẹ̀ kò ní kúrò lójú kan. Jeremy Hunt, tó di mínísítà ìṣúná lẹ́yìn náà, sún àkókò náà dé 2028, Reeves náà sì tún sún un dé 2031 ní oṣù kọkànlá ọdún 2025. Kemi, tó ti di olórí alátakò, ló dìde dá Reeves lóhùn lọ́jọ́ náà. Ẹ ka ohun tó sọ nígbà tó wà nínú ìjọba, kí ẹ ka èyí tó sọ ní ìhà kejì. Kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn Labour, ẹgbẹ́ Reeves, náà, torí àwọn ló jókòó síbi àwọn alátakò ní 2021.

Mo tẹnu mọ́ £12,570 yìí nítorí mo ń rí ohun tó ń ṣe fún èèyàn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, owó iṣẹ́ wákàtí kan tó kéré jù fún ẹni ọdún 21 sókè kúrò ní £11.44 lọ sí £12.21. Inú àwọn òṣìṣẹ́ wa dùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí owó rẹ̀ ti kọjá £12,570 tẹ́lẹ̀, gbogbo àfikún náà ni ìjọba ń bù lára rẹ̀: ìdá 20 fún owó orí, ìdá 8 fún National Insurance. Wọ́n á wá bá mi ní ọ́fíìsì, wọ́n á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó, kí ló dé tí owó mi ò fi pọ̀ tó bí wọ́n ṣe wí?"

Ìkànnì náà ní àwọn ibi tó kù díẹ̀ káàtó o. Àkópọ̀ ìbò tí wọ́n ń ṣe, pé aṣòfin kan máa ń dìbò fún nǹkan báyìí tàbí lòdì sí i, ń ki ọ̀pọ̀ ìbò sínú ìlà kan. Ẹ má ṣe dúró síbẹ̀, ẹ ṣí i wo ìbò kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá sì kọ ọ́ pé ẹnì kan kò sí níbẹ̀, ó lè ṣàìsàn, ó lè rin ìrìn-àjò iṣẹ́, ó sì lè jẹ́ pé ńṣe ló mọ̀ọ́mọ̀ yẹra. Àkọsílẹ̀ kò ní sọ ìyàtọ̀ fún yín.

Ẹ má sì fi iye ọ̀rọ̀ díwọ̀n iṣẹ́. Àwọn kan ń dìde lójoojúmọ́ láti ki ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù àdúgbò wọn kú oríire. Ìbéèrè tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mínísítà ní kíkọ ni mo kà sí jù, torí mínísítà gbọ́dọ̀ kọ èsì padà, iye owó tí ìjọba kì í fẹ́ sọ lẹ́nu sì máa ń jáde nínú irú èsì bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ ka ọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ́, kó lọ sí ìkànnì Hansard fúnra rẹ̀, torí àárọ̀ ọjọ́ kejì ló sábà máa ń dé TheyWorkForYou. Èmi kì í tiẹ̀ lọ wá a mọ́. Mo ti forúkọ sílẹ̀ fún ímeèlì: bí aṣojú wa bá ti sọ̀rọ̀, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí mi. Àwọn mySociety kan náà ló ni WriteToThem, níbi tí mo ti kọ̀wé sí i lórí ìbò oṣù kẹta yẹn, tí mo sì fi ìṣirò £1,504 àti £2,250 sínú rẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà tó ní ìwé ìgbé níbí lẹ́tọ̀ọ́ láti forúkọ sílẹ̀ kó sì dìbò yan aṣòfin, nítorí a wà nínú Commonwealth, nítorí náà àwa náà wà lára àwọn tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí wọ́n tún ṣe. Lójú-ìwé aṣòfin, ọ̀tọ̀ ni ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà, ọ̀tọ̀ ni ibi tí ìbò rẹ̀ wà, èmi ni mo ń fi ọjọ́ so wọ́n pọ̀. Kí wọ́n gbé ìbò náà sí abẹ́ ọ̀rọ̀ tó sọ lórí àbá òfin kan náà.