Gọ́pì tó lóyún: àpótí ike ni ká rà, àbí báàfù olójú oró?

Ẹni tó bá ra gọ́pì obìnrin kan ṣoṣo, ẹja kékeré tá a máa ń sìn nílé fún ẹwà, ti ra odindi ìdílé. Ẹ má wulẹ̀ wá ọkọ fún un. Ó lè tọ́jú àtọ̀ akọ sínú fún oṣù mélòó kan, kó máa bímọ lọ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin láìtún fojú kan akọ. Ọmọ bíbí ò ṣòro fún gọ́pì rárá. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ìyá ọmọ gan-an ló máa ń kọ́kọ́ jẹ ọmọ. Ohun méjì làwa tá à ń sin wọ́n nílé sì ń lò jù: àpótí ike kékeré tí wọ́n ń fi kọ́ inú tánkì gíláàsì, àti báàfù lásán tẹ́ ẹ bu omi àti ojú oró sí. Mo ti lo méjèèjì.

Ká sòótọ́, àpótí ike dùn ún wò. Ìyá á wà lókè, ọmọ á máa gba ojú ihò tẹ́ẹ́rẹ́ já sísàlẹ̀, níbi tí ẹnu ìyá ò tó. Lálẹ́ ọjọ́ tí tèmi bí, mo gbé àga tì í. Ikùn rẹ̀ ti yọ igun bíi páálí, ojú àwọn ọmọ sì ń hàn lábẹ́ awọ nítòsí ìdí rẹ̀, dúdú, bí ìgbà tí wọ́n fi ṣóńṣó bírò tò ó. Ọmọ àkọ́kọ́ jáde ní kíká, ó rì díẹ̀, ó nà, ó sì lúwẹ̀ẹ́ lọ. Mo ka mọ́kànlélógójì kí n tó sùn. Nínú báàfù, ẹ̀yìn ẹja nìkan lẹ ó máa rí láti òkè.

Ọ̀rọ̀ iná ni kẹ́ ẹ jọ̀ọ́ fara balẹ̀ gbọ́. Àpótí tí mo rà ò gba ju nǹkan bíi lítà omi kan ààbọ̀ lọ. Tí pọ́ńpù bá ń ṣiṣẹ́, omi tánkì á máa gba àwọn ihò ara àpótí wọlé, á máa jáde. Àmọ́ tí iná bá ti lọ, omi inú rẹ̀ dúró sójú kan nìyẹn, torí ihò ara àpótí tó há débi tí ọmọ ẹja ò fi lè ráyè gbabẹ̀, ó há mọ́ omi náà. Ẹ wá fi pupa ẹyin sísè tí wọn ò jẹ tán kún un. Nǹkan bí aago méje alẹ́ ni iná lọ ní Ọbáńtokò, ní Abẹ́òkúta níbí, lọ́jọ́ kẹta tí wọ́n bí wọn. Jẹnẹrétọ̀ mi ò ní epo, mo ní kí ló fẹ́ ṣẹlẹ̀ láàárín òru kan péré? Nígbà tí mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i ní ìdájí, omi ti funfun bí omidùn ògì, wọ́n sì nà gbalaja sísàlẹ̀ bí ìrẹsì tó dànù. Méje ló kù, wọ́n gbẹ́nu sójú omi. Àwọn àgbà ẹja tó wà nínú tánkì kan náà ń jẹ̀ kiri ní tiwọn, kò sóhun tó ṣe wọ́n. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Mo padà lọ bá ọmọkùnrin tó tà á fún mi. “Dádì, ẹ kàn ra pọ́ńpù tó ń lo bátìrì kún un ni.” Bẹ́ẹ̀, owó àpótí yẹn nìkan ti tó ra báàfù ńlá kan, kí ṣéńjì sì kù.

Báàfù ò mọ̀ bóyá iná wà tàbí kò sí. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀, atẹ́gùn ń gba ojú omi wọlé fúnra rẹ̀. Gbòǹgbò ojú oró, tó rọ̀ bí irùngbọ̀n, làwọn ọmọ ń sá sí, wọ́n sì ń ṣa ohun tín-ín-tìn-ín jẹ lára rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ ṣan ojú oró náà nínú omi iyọ̀ kí ìgbín má bá a wọlé, kẹ́ ẹ má sì jẹ́ kó bò ju ìdajì ojú omi lọ, torí ewéko náà ń mí lóru. Kọ́ọ̀pù ni kẹ́ ẹ fi bu ìyá wá, kì í ṣe àwọ̀n, kó má bàa bímọ tí oṣù ò tíì pé. Tó bá ti bí tán, ẹ dá a padà kíá.

Ó lábùkù o. Lámilámi ń yé sínú omi tó wà níta, ọmọ rẹ̀ sì máa ń jẹ ọmọ ẹja mọ́jú ni. Ẹ ta nẹ́ẹ̀tì bò ó. Ẹ̀yin ará Ìtòkú, níbi tí wọ́n ti ń ta àdìrẹ, báàfù tẹ́ ẹ ti fi pa aró rí, bẹ́ ẹ fọ̀ ọ́ nígbà méje, ẹ má sin ẹja nínú rẹ̀. Aládìrẹ ni ìyá mi, mo mọ ohun tí mò ń sọ.

Ìyókù ò tó nǹkan. Àpótí aláwọ̀n ń gba omi kọjá ju ti ike lọ, àmọ́ ó tètè ń ya. Omi ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ sùn mọ́jú nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tí a ò dé. Oúnjẹ oníyẹ̀fun tí wọ́n ń fún ọmọ ẹja àrọ̀ tó wọn, díẹ̀díẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹrin lóòjọ́. Tí wọ́n bá pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, èyí tí lẹbẹ abẹ́ rẹ̀ bá ti ń tín-ínrín bí abẹ́rẹ́, akọ ni. Ẹ yà á sọ́tọ̀.

Kí n má ṣègbè: ẹni tí iná rẹ̀ kì í lọ, tó sì ń wà nílé látàárọ̀ ṣúlẹ̀, àpótí ike dáa fún un. Tẹ́ ẹ bá mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ẹ bá mi kí i. Àpótí tèmi ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù ìyá mi, ìkó tí wọ́n fi ń di àdìrẹ ni wọ́n ń kó sí i.